Kámẹ́rà tó ń ṣọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì katapílà: kí ló ń rí, níbo ni ojú rẹ̀ kò dé?

Ọ̀rọ̀ méjì ló ń kọlu ara wọn láàárín àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ńlá ṣiṣẹ́. Àwọn kan ní níwọ̀n ìgbà tí kámẹ́rà ti wà lórí katapílà, ìyẹn ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀ tó ní apá gígùn, bọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́nu apá náà kò ní já lu ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn kan ní ọgbọ́n àtitajà ni gbogbo rẹ̀, pé kámẹ́rà kò mú irin dání. Òfin tuntun tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe lórí ẹ̀rọ tún wá bu epo sí iná ọ̀rọ̀ náà. Ọjọ́ 20 oṣù Kìíní ọdún 2027 ni wọ́n mú fún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì dárúkọ ohun èlò ààbò tó ń fúnra rẹ̀ kọ́ nǹkan.

Ohun tó dá ìdàrúdàpọ̀ sílẹ̀ ni pé iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n kó sábẹ́ orúkọ kan. Kámẹ́rà kan lè sọ irú irinṣẹ́ tó wà lápá katapílà. Òmíràn lè sọ ibi tí ẹnu irinṣẹ́ náà wà nínú kòtò. Ẹ̀kẹta ń wò ó bóyá irinṣẹ́ náà pé, bóyá ó sì dè. Ẹni tó ra èkíní, tó wá gbọ́kàn lé e bí ẹni pé ẹ̀kẹta ni, ó ti gbọ́kàn lé ohun tí kò sí níbẹ̀.

Kí ni wọ́n ń so mọ́ apá katapílà gan-an?

Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tí wọn kì í so mọ́ ọn: bọ́kẹ́ẹ̀tì tóóró fún kòtò páìpù, bọ́kẹ́ẹ̀tì fífẹ̀ fún títẹ́ ilẹ̀, òòlù tó ń fọ́ kọnkéré, ọwọ́ irin tó ń gbá igi mú, ẹ̀rọ tó ń lu ihò, ẹ̀rọ tó ń ki ilẹ̀. Láyé àtijọ́, àti lórí ọ̀pọ̀ sáìtì títí di òní, píìnì irin méjì ló ń mú bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ apá ẹ̀rọ. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ á gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀, á tú bóòtù tó sé píìnì, á fi òòlù ńlá lu píìnì jáde. Ọ̀pùrétọ̀ á wá máa sún apá ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀ títí ihò tibí á fi bá ihò tọ̀hún mu, lẹ́bírà á sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì, á máa kígbe pé "wá díẹ̀ sí i, ó tó, ó tó!" Ìka ọwọ́ ló sábà ń fara gbá níbẹ̀, àti ojú, nítorí èérún irin tó ń fò.

Quick hitch ló gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ òòlù. Irin kan ni tí wọ́n ń dè mọ́ orí apá ẹ̀rọ, ibẹ̀ ló sì máa ń wà. Ó ní ẹnu kan níwájú tó ń há píìnì àkọ́kọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sì ní irin ìtì kan lẹ́yìn, tí agbára ọ́ìlì háídírọ́líìkì ń tì jáde láti di píìnì kejì mú. Pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀pùrétọ̀ lè pààrọ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn ará Sweden tilẹ̀ kọjá ibẹ̀. Láti àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń lo tiltrotator, èyí tó ń yí bọ́kẹ́ẹ̀tì po, tó sì ń dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó fi jẹ́ pé ọ̀pùrétọ̀ kan lè pààrọ̀ irinṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́. Bí ìpààrọ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni àyè àṣìṣe náà ń pọ̀ sí i.

Kí ló ń mú bọ́kẹ́ẹ̀tì já?

Ní ọdún 2005, àjọ OSHA, tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, gbé ìkìlọ̀ jáde lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń já kúrò lára quick hitch. Ìṣẹ̀lẹ̀ 15 ni wọ́n tọ́ka sí láàárín ọdún 1998 sí 2004, ẹ̀mí sì bọ́ nínú mẹ́jọ lára wọn. Ẹni tó wà nínú kòtò, tó ń to páìpù tàbí tó ń fi ṣọ́bìrì gbá etí kòtò, ni irú ìjàǹbá yìí sábà máa ń bá. Bọ́kẹ́ẹ̀tì katapílà 20 tọ́ọ̀nù lè wúwo tó 800 kílò kí iyẹ̀pẹ̀ tó wọ inú rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ló sábà ń gbà ṣẹlẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni ti quick hitch tí wọ́n ń pè ní semi-automatic. Ọ́ìlì ló ń ti irin ìtì rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ọ̀pùrétọ̀ gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ ki píìnì ààbò kékeré kan bọ̀ ọ́, kí ìtì má baà padà sẹ́yìn. Bí òjò bá ń rọ̀, tí ọ̀gá ń pariwo pé iṣẹ́ ti pẹ́, tí ọ̀pùrétọ̀ kò sì sọ̀kalẹ̀, kò sí ohun tí yóò sọ fún un pé nǹkan ṣe. Bọ́kẹ́ẹ̀tì á gbéra nílẹ̀, á gbẹ́ ilẹ̀, á da iyẹ̀pẹ̀ nù, láàárọ̀ títí di ọ̀sán. Ọjọ́ tí ọ́ìlì bá jò, tàbí tí agbára rẹ̀ bá rọ̀, ni ìtì á sún padà. HSE, àjọ ààbò ibi iṣẹ́ ní Britain, rí i pé píìnì tí wọn kò kì bọ̀ ọ́ yìí ló wà nídìí ọ̀pọ̀ ìjàǹbá. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2008 ni wọ́n ti dáwọ́ títa semi-automatic tuntun dúró níbẹ̀.

Ọ̀nà kejì bá quick hitch tó ń ti ara rẹ̀ pátápátá láìsí píìnì tí wọ́n ń fọwọ́ kì náà. Ẹnu iwájú lè ti há píìnì àkọ́kọ́, kí irin ìtì ẹ̀yìn sì jáde sínú òfìfo, kó kọjá lórí píìnì kejì dípò kó gbá a mú. Bọ́kẹ́ẹ̀tì á wá rọ̀ sórí píìnì kan ṣoṣo. Bí ọ̀pùrétọ̀ bá ká a sínú, ó dúró. Ọjọ́ tó bá nà án síta ni wàhálà dé. Iná ìtọ́nisọ́nà tó wà níwájú ọ̀pùrétọ̀ sì lè máa sọ pé "ó ti dè", nítorí ohun tí iná náà mọ̀ kò ju pé ọ́ìlì ti ti irin jáde. Kò mọ ohun tí irin náà bá pàdé.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ ọ̀pùrétọ̀ pé bó bá pààrọ̀ irinṣẹ́ tán, kí ó ká bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ó fi tẹ ilẹ̀, kí ó gbọ̀n ọ́n nítòsí ilẹ̀ níbi tí èèyàn kankan kò sí, lẹ́yìn náà kí ó fi ojú ara rẹ̀ wo irin ìtì náà. Ìwò yẹn ló fa kámẹ́rà wọ̀ ọ́. Láti orí àga ọ̀pùrétọ̀, píìnì ẹ̀yìn sábà máa ń fara pamọ́ sẹ́yìn irin, ẹrẹ̀ á sì ti bò ó.

Iṣẹ́ wo wá ni kámẹ́rà ń ṣe?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdámọ̀, nítorí ó rọrùn jù. Ohun tó wọ́pọ̀ jù fún un kì í tilẹ̀ ṣe kámẹ́rà. Ilé-iṣẹ́ Caterpillar ń ta ohun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní PL161, tí wọ́n ń so mọ́ irinṣẹ́, tó ń fi Bluetooth sọ orúkọ ara rẹ̀ fún ẹ̀rọ. Ó wúlò púpọ̀ fún ilé-iṣẹ́ tó ní irinṣẹ́ rẹpẹtẹ tí wọn kò mọ sáìtì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Kámẹ́rà tó ń fi AI, ìyẹn ọgbọ́n àtọwọ́dá inú kọ̀ǹpútà, wo ìrísí irinṣẹ́ lè ṣe irú iṣẹ́ yìí láìsí pé wọ́n so ohunkóhun mọ́ irinṣẹ́, ṣùgbọ́n bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì tó jọra, tí ọ̀kan fi díẹ̀ gùn ju èkejì lọ, lè da ojú rẹ̀ rú.

Díẹ̀ yẹn kì í sì í ṣe nǹkan kékeré tí a bá dé orí iṣẹ́ kejì, ìyẹn mímọ ibi tí ẹnu bọ́kẹ́ẹ̀tì wà. Lórí sáìtì ìgbàlódé, ọ̀pùrétọ̀ máa ń wo síkírínì tó ń fi hàn án bí ẹnu bọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe jìn tó. Sátẹ́láìtì ló ń sọ ibi tí katapílà dúró sí, sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n so mọ́ apá rẹ̀ ló ń sọ igun tí apá náà tẹ̀ sí, kọ̀ǹpútà á sì ṣírò ìyókù láti inú gígùn bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ọ̀pùrétọ̀ yàn lórí síkírínì. Bí ó bá yan bọ́kẹ́ẹ̀tì 130 sẹ̀ǹtímítà nígbà tó jẹ́ pé ti 150 ló so, ẹnu bọ́kẹ́ẹ̀tì lè fi 20 sẹ̀ǹtímítà jìn ju ohun tí síkírínì ń wí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù gáàsì, ìyẹn tó láti kó gbogbo àdúgbò jáde nílé. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Michigan gbìyànjú ọ̀nà míì: wọ́n lẹ àmì aláwọ̀ dúdú òun funfun mọ́ apá ẹ̀rọ, kámẹ́rà ń wo àmì náà, kọ̀ǹpútà sì ń fi bó ṣe tẹ̀ ṣírò ibi tí bọ́kẹ́ẹ̀tì wà. Owó rẹ̀ kéré sí ti sátẹ́láìtì. Ẹrẹ̀ ni ọ̀tá rẹ̀: àmì tí ẹrẹ̀ bá bò, kámẹ́rà kò rí i mọ́.

Ti iṣẹ́ kẹta, ibi ìwakùsà ńlá ló ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù, ibẹ̀ ló sì yẹ ká dúró sí díẹ̀.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ ìwakùsà ní eyín, irin líle tí wọ́n fi bọ ẹnu rẹ̀ kí òkúta má baà jẹ ẹnu náà tán. Eyín yìí ń jẹ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà mìíràn ó máa ń ṣẹ́ tàbí kó yọ, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀. Ọ̀pùrétọ̀ ti da òkúta sínú ọkọ̀ akẹ́rù, eyín wà láàárín òkúta, ọkọ̀ ti gbéra. Ó di ẹnu ẹ̀rọ tó ń fọ́ òkúta. Òkúta fọ́, eyín kò fọ́. Ó há síbẹ̀, iṣẹ́ dúró, èèyàn sì gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ lọ yọ irin tí agbára ńlá ti fún mọ́ ara wọn. Bí wọ́n ṣe ń fi iná gé e tàbí fi wáyà fà á, ó lè fò jáde lójijì. Òṣìṣẹ́ ti kú bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ṣàwárí irin wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí bẹ́líìtì tó ń gbé òkúta lọ lẹ́yìn ìfọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n sábà ń gbé e sí. Eyín á ti ṣọṣẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Motion Metrics, ilé-iṣẹ́ kan ní Vancouver ní Kánádà, tó jáde láti inú iṣẹ́ ìwádìí ní Yunifásítì British Columbia, gbé kámẹ́rà sórí apá ẹ̀rọ kí ó máa wo eyín bí bọ́kẹ́ẹ̀tì bá ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Kọ̀ǹpútà ń ka eyín, ó ń wọn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe jẹ tó. Bí ọ̀kan bá sọnù, ìkìlọ̀ á dé ọ̀dọ̀ ọ̀pùrétọ̀ nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù ṣì wà níwájú rẹ̀. Ní Ọsirélíà, CR Mining gba ọ̀nà míì: inú eyín gan-an ni wọ́n fi ohun tó ń ránṣẹ́ sí. Ní ọdún 2021, Weir Group ti Scotland ra Motion Metrics. Àwọn kan náà ló ti ra ESCO, tó ń ṣe eyín bọ́kẹ́ẹ̀tì, ní ọdún 2018. Ẹni tó ń ta eyín ló tún wá ń ta ojú tó ń ṣọ́ eyín. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a óò padà sórí rẹ̀.

Ṣé kámẹ́rà lè fọwọ́ sọ̀yà pé bọ́kẹ́ẹ̀tì ti dè?

Ibí ni iyàn ti le jù. Eyín tó wà àti èyí tí kò sí hàn kedere sí ojú. Irin ìtì tó gbá píìnì mú àti èyí tó fi díẹ̀ tàsé lè jọra bí ìbejì nínú àwòrán. Kámẹ́rà tí wọ́n so sí ibi tí ọ̀pùrétọ̀ kò lè rí á jẹ́ kó wo ìtì náà lórí síkírínì láì sọ̀kalẹ̀, ìrànlọ́wọ́ gidi sì nìyẹn. Àmọ́ ẹrẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì rẹ̀, eruku ń bò ó, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń pa á lójú, òjìji apá ẹ̀rọ ń ṣú bo ibi tó ń wò. Ìgbọ̀nrìrì òòlù tó ń fọ́ kọnkéré lè sún un kúrò níbi tí wọ́n dè é sí. Àwọn kan ń lo kámẹ́rà tó ń rí ooru nítorí òkùnkùn àti eruku, iye owó rẹ̀ sì ga.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe quick hitch fi gbára lé sẹ́ńsọ̀ tó wà nínú irin náà, èyí tó ń mọ̀ bóyá píìnì wà níbi tó yẹ, tí wọ́n sì ń fi ìdè kejì ti ẹnu iwájú. Ìlànà àgbáyé ISO 13031, tó jáde ní ọdún 2016, dá lórí ààbò quick hitch fúnra rẹ̀. Ohun tó ń béèrè ni pé kí irin di irin mú. Kámẹ́rà lè jẹ́rìí sí i pé irin di irin mú, àmọ́ kò lè gba iṣẹ́ irin ṣe.

Kí ni òfin tuntun Yúróòpù sọ?

Òfin náà, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 2023/1230, ló rọ́pò ìlànà ọdún 2006 tó ń darí ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù. Ó to àwọn ohun èlò kan sọ́tọ̀ tí ẹni tó ṣe wọ́n kò lè fọwọ́ sí fúnra rẹ̀, àfi kí ilé-iṣẹ́ àyẹ̀wò tó dá dúró wò ó. Lára wọn ni ohun èlò ààbò tó ń fi ẹ̀kọ́ AI yí ìṣe rẹ̀ padà fúnra rẹ̀, yálà pátápátá tàbí lápá kan.

Ọ̀rọ̀ méjì nínú gbólóhùn yẹn ni agbẹjọ́rò àti ẹnjiníà ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Àkọ́kọ́, ṣé AI tí wọ́n kọ́ ní nǹkan ní ilé-iṣẹ́, tí wọ́n wá tì pa kó tó wọ inú katapílà, ṣì wà lára ohun tó "ń yí ìṣe ara rẹ̀ padà"? Àwọn tó ń ta á ní rárá, àwọn míì ní ọ̀nà tó gbà kọ́ nǹkan ló ṣe pàtàkì. Èkejì, kí ni ohun èlò ààbò? Bí ilé-iṣẹ́ bá sọ pé kámẹ́rà òun ń dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì tó já, ó ti fa ara rẹ̀ sábẹ́ àyẹ̀wò líle. Bí ó bá sọ pé ìrànlọ́wọ́ fún ọ̀pùrétọ̀ lásán ni, ẹrù náà fúyẹ́. Ẹ wo ìpolówó ọjà wọ̀nyí dáadáa: lẹ́tà ńlá á sọ nípa ààbò, lẹ́tà wẹ́wẹ́ á ní ojúṣe ọ̀pùrétọ̀ ni láti yẹ ìdè wò.

Yúróòpù kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jiyàn lórí ohun tí ọ̀pùrétọ̀ lè rí. Ní ọdún 2015, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ rẹ̀ fi àlà sórí EN 474-1, ìlànà tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀, pé ẹni tó bá tẹ̀ lé apá tó sọ nípa ìríran ọ̀pùrétọ̀ níbẹ̀ kò lè torí ìyẹn sọ pé òun ti pé lójú òfin. Ní ti Britain, tó ti jáde kúrò nínú Àjọ náà, òfin 2023/1230 kò dé England, Wales àti Scotland. Ó dé Northern Ireland. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe katapílà kì í fẹ́ ṣe oríṣi méjì nítorí ibodè, nítorí náà àwọn ọmọ wa tó ń fi káàdì CPCS, ìwé ẹ̀rí awakọ̀ ẹ̀rọ ńlá ní Britain, wa ẹ̀rọ ní London á rí kámẹ́rà yìí níwájú wọn, òfin dé ibẹ̀ tàbí kò dé ibẹ̀.

Ta ló ń sọ kí ni?

Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ń sọ pé ọ̀pùrétọ̀ tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́ lè yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ẹ̀rọ, pé jíjókòó sórí àga wo síkírínì ní ààbò tirẹ̀. Òótọ́ wà ńbẹ̀. Àwọn tó ń rí sí ààbò ń fèsì pé ẹni tó bá ti mọ́ síkírínì lára kì í tẹ bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ dán an wò mọ́, bẹ́ẹ̀ ìdánwò yẹn ni kò gbára lé iná, sẹ́ńsọ̀ tàbí gíláàsì. Ọ̀pọ̀ ọ̀pùrétọ̀ kò kọ kámẹ́rà. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni ẹni tí ẹ̀bi máa já lé lórí bí kámẹ́rà bá ní ó ti dè, tí bọ́kẹ́ẹ̀tì sì já. Títí di báyìí, ní ọ̀pọ̀ ibi, orí ọ̀pùrétọ̀ àti ẹni tó gbà á síṣẹ́ ni. Àwọn oníwakùsà ló ń ráhùn díẹ̀ jù, nítorí ìṣirò tiwọn ṣe kedere: wákàtí mélòó ni ẹ̀rọ tó ń fọ́ òkúta fi dúró, owó mélòó ló lọ.

Àwòrán tí kámẹ́rà ń yà, ti ta ni?

Kámẹ́rà tó kọjú sí bọ́kẹ́ẹ̀tì kò wo ojú ọ̀pùrétọ̀, ṣùgbọ́n ó ń kọ aago tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, iye ìgbà tí bọ́kẹ́ẹ̀tì gbéra, àti iṣẹ́jú tí ẹ̀rọ fi dúró. Ọ̀gá lè fi ìyẹn díwọ̀n òṣìṣẹ́ rẹ̀. Òfin GDPR tó ń dáàbò bo dátà èèyàn ní Yúróòpù, àti òfin ìdáàbòbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023, lè kàn án bí àkọsílẹ̀ náà bá ti tọ́ka sí èèyàn kan pàtó. Ìbéèrè kejì kan ẹni tó ni ẹ̀rọ: bí ilé-iṣẹ́ kan bá ń ta eyín bọ́kẹ́ẹ̀tì, tó sì tún ń gba àwòrán tó ń fi bí eyín ṣe ń jẹ hàn, ó mọ ìgbà tí oníbàárà máa nílò eyín tuntun, kí oníbàárà fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Àwọn kan pe ìyẹn ní iṣẹ́ tó dára fún oníbàárà. Àwọn kan ní ó yẹ kí àdéhùn sọ ẹni tó lè wo àwòrán náà.

Kí ló kan ẹni tó ń ra katapílà tòkunbọ̀?

Ó kàn án ju bó ṣe rò lọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé wọ ọjà Yúróòpù ni òfin tuntun náà ń darí. Katapílà tó ti ṣiṣẹ́ lọ́dún pípẹ́ níbẹ̀, tó wá gba èbúté wọ Èkó tàbí Kútọnu, ohun tó wà lápá rẹ̀ ló gbé bọ̀, ó sì lè jẹ́ semi-automatic tí Britain ti pa tì. Bí ihò píìnì ààbò bá wà lára quick hitch náà, tí píìnì kò sì sí nínú rẹ̀, ẹni tó ń rà á gbọ́dọ̀ béèrè píìnì náà kó tó san owó, kí ó sì ní kí wọ́n ti ìtì jáde, kí wọ́n pa ẹ̀rọ, kí ó wò ó bóyá á sún padà. Bí kámẹ́rà bá wà lórí rẹ̀, ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́: púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ onísíkírínì yìí ló ń gbára lé owó oṣooṣù tí ẹni àkọ́kọ́ ń san, àti lórí orúkọ tí ẹni náà fi wọlé sí i. Síkírínì lè tàn, kí ó sì máa fi bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti tà ní Rotterdam hàn bí èyí tó wà lápá ẹ̀rọ.